Ilé Là Ń Wò Ká Tó Dárúkọ

Bí ẹ bá dúró sí Ìyànà-Ìbà ní Èkó ní ìdájí, tí ẹ sọ fún oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá pé Àlàbá ni ẹ̀ ń lọ, kò ní gbéra. Yóò kọ́kọ́ bi yín pé: "Àlàbá wo?" Àlàbá International wà, níbi tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti kọ̀ǹpútà. Àlàbá Ràgó náà wà, tí àgbò àti ọjà tòkunbọ̀ sọ di olókìkí. Ọ̀jọ́ ni méjèèjì wà. Ẹni tó bá sì ti Ajégúnlẹ̀ wá lè jẹ́ Àlàbá Sùúrù ló wà lọ́kàn rẹ̀. Orúkọ kan náà, ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń lọ sí ìlú Ìbà gan-an kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà kó rò pé òun ti dé. Oríta ni Ìyànà-Ìbà. Ìlú ṣì wà níwájú.

Ìbéèrè kékeré yẹn, "èwo?", ni mo fẹ́ fi àròkọ yìí yìn. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju ọjọ́ ìsọmọlórúkọ lọ. Orúkọ kì í dá dúró. Ilé tó ti jáde wá ló ń fún un ní ìtumọ̀. Ibi tí mo ti rí i tí wọ́n ń pa òfin yìí mọ́ jù ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bojú wò rárá: inú ìwé àṣẹ kúkúrú tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń kọ fún debugger, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń bá wọn wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ wọn. Ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò gùn. Òmíràn kò ju ìlà mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá kọ dáadáa nínú wọn ní ìwà àgbà: kì í dárúkọ ohunkóhun láìjẹ́ pé ó ti béèrè ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àdúgbò wa ti rí. Ọ̀jọ́ àti Òkòkómáíkò wà lẹ́bàá òpópónà tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Ìbà wà ní apá òkè, lójú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrì. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀yà ló ń gbé ibẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1983, nígbà tí Alhaji Lateef Jakande jẹ́ gómìnà, ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí LASU, ọgbà rẹ̀ tó tóbi jù sì wà ní Ọ̀jọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún ilé àwọn onílé láti Ìyànà-Ìbà títí wọ Òkòkómáíkò. Lálẹ́, bí ẹ bá gba àdúgbò wọn kọjá, ẹ ó gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ ó gbọ́ òórùn àkàrà gbígbóná, ẹ ó sì rí ìmọ́lẹ̀ búlúù láti ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń yọ lẹ́nu fèrèsé. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn, Àlàbá ni wọ́n ti rà wọ́n, ní tuntun tàbí ní tòkunbọ̀.

Ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ni èyí tí wọ́n ń pè ní face-me-I-face-you. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gba àárín kọjá, yàrá tò sí ọ̀tún àti òsì, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo sì wà ní àgbàlá tí gbogbo ayálégbé ń pọn. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, garawa wà. Bí ìyá kan ní yàrá kẹta bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé "Lọ gbé garawa wá," kò sí ẹni tó máa bi í pé garawa ta ni. Garawa yàrá tiwọn ni. Bí kò bá sí garawa nínú yàrá wọn, ọmọ yóò wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí kò bá sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò jáde sí àgbàlá. Kò ní wọ yàrá kẹrin lọ gbé ti aládùúgbò. Bí ìyá yàrá kẹrin bá pe garawa tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló ń pè.

Ẹni tó bá lóye ilé yìí ti lóye ohun tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń pè ní variable. Variable ni garawa tí a kọ orúkọ sí lára, tí a rọ iye kan sínú rẹ̀, tí a sì lè da iye náà nù ká rọ òmíràn sí i. Ibi tí orúkọ náà ti ń jẹ́, tí ẹni tó bá pè é yóò rí i, ni mo ń pè ní sàkáání rẹ̀. Èyí tí a sọ lórúkọ nínú iṣẹ́ kan, ìyẹn apá ètò tó ní orúkọ tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní function, inú iṣẹ́ yẹn ni sàkáání rẹ̀ mọ, bí garawa ti wà nínú yàrá. Èyí tí a sọ lórúkọ ní gbangba ètò, gbogbo iṣẹ́ ló lè rí i, bí ẹ̀rọ omi àgbàlá. Àwọn onímọ̀ 13 tó fọwọ́ sí ìjábọ̀ èdè Algol 60 ní ọdún 1960 ló sọ irú ètò ilé-nínú-ilé yìí di ìlànà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì jogún rẹ̀. Èdè Python, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, ní ìpele mẹ́rin tó ń wò tẹ̀léra: inú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tó yí i ká, gbangba fáìlì, àti àwọn orúkọ tí èdè náà bí mọ́ ara rẹ̀. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ rí orúkọ ló ń dúró.

Níbi ìdúró yìí ni ẹwà wà, ibẹ̀ náà sì ni ewu wà. Bí garawa kékeré bá wà nínú yàrá, ọmọ kò ní dé àgbàlá láé. Garawa yàrá ti bo ti àgbàlá mọ́lẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fi ọwọ́ kan ti àgbàlá. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe inú ètò ló ń ti ibẹ̀ wá.

Àwọn tó ń kọ kóòdù ń pe àṣìṣe ní kòkòrò. Orúkọ náà ti pẹ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kí kọ̀ǹpútà tó dé, ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí ó mú un wọ inú kọ̀ǹpútà gan-an. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ Mark II ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, tí Grace Hopper wà lára ẹgbẹ́ wọn, rí àfòpiná kan tó há sínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, ìwé náà sì wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Washington títí di òní. Kòkòrò tó ní ìyẹ́ ni tọjọ́ yẹn, ojú lásán sì rí i. Kòkòrò òde òní kò ní ìyẹ́. Inú ìlà kóòdù ló ń sápamọ́ sí, a kò sì lè fi ọwọ́ mú un àfi ká dá ètò dúró lẹ́nu iṣẹ́ ká yẹ inú rẹ̀ wò.

Iṣẹ́ debugger nìyẹn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tó ń fi èdè C kọ ètò ni GDB, tí Richard Stallman kọ ní ọdún 1986, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì sí ẹni tó ti wọ dánfó rí. Ètò ń sáré lọ bí ọkọ̀ tó ti Máìlì 2 gbéra, ó ń kọjá ní Volkswagen, ó ń kọjá ní Bárékè. Ẹni tó ń wá àṣìṣe ti sọ tẹ́lẹ̀ ibi tó fẹ́ kó dúró: ó kọ "break", ó sì dárúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù. Bí ètò bá dé ibẹ̀, ó dúró gbọn-in, bí awakọ̀ ṣe ń dúró nígbà tí èrò bá ké pé "Ó wà o!" Gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ dúró síbi tó wà. A lè wo ẹni tó jókòó síwájú, ẹni tó jókòó sẹ́yìn, àti iye owó tó wà lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́ ní ìṣẹ́jú náà gan-an.

Ṣùgbọ́n ká máa tẹ àṣẹ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan máa ń dáni lágara. Ọkọ̀ lè kọjá ní bọ́sítọ́ọ̀pù kan nígbà 200 kí àṣìṣe tó yọjú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ ìwé àṣẹ sílẹ̀: dúró níbí, má pariwo, tẹ iye tó wà nínú garawa yìí jáde, máa lọ. Debugger yóò máa ṣe é fúnra rẹ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn, yóò sì kó gbogbo ìdáhùn sílẹ̀ de olówó rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ìránṣẹ́ tí kò béèrè ọ̀rọ̀ ni. Orúkọ tí a bá fún un ló máa jẹ́, yóò sì mú ohun tó bá kọ́kọ́ bá pàdé wá.

Ẹ jẹ́ ká fi ètò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pe fáìlì rẹ̀ ní danfo.c. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣírò owó ọkọ̀ tí awakọ̀ kan pa ní àárọ̀. Ní gbangba fáìlì, variable kan wà, tí a ó pè ní kóló nítorí owó ló ń gbà, tí wọ́n kọ "owo" sí lára, òfìfo ló sì bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń dá owó sínú rẹ̀: ojo, iba àti okoko. Ká ní èrò 14 ló wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ti Ọ̀jọ́ san 200 náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ó di 2,800. Àwọn ti Ìbà san 300, ó di 4,200. Àwọn ti Òkòkómáíkò san 500, ó di 7,000. Àpapọ̀ rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 14,000 náírà. Nígbà tí ètò parí, ohun tó tẹ̀ jáde ni 9,800.

Ẹni tó kọ ètò náà kọ ìwé àṣẹ àkọ́kọ́. Ó ní kí debugger dúró ní ìlà tó gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ iba, kó tẹ owo jáde, kó máa lọ. Ìdáhùn dé: 4,200. Inú rẹ̀ dùn. Owó Ìbà pé! Ó fi iba sílẹ̀, ó lọ ń tú okoko palẹ̀ wò, ó tú ojo palẹ̀, ilẹ̀ ṣú, kò rí nǹkan kan. Ohun tó dà á láàmú ni pé nínú iṣẹ́ iba, ó ti ṣèèṣì kọ "int" síwájú owo. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ti sọ kóló tuntun lórúkọ nínú yàrá. Inú kóló yàrá ni 4,200 náírà wọ̀. Bí iṣẹ́ iba ti parí, kóló náà pòórá pẹ̀lú owó inú rẹ̀. Debugger kò purọ́ fún un. Ẹni náà béèrè owo, wọ́n sì fi owo hàn án. Òun ni kò béèrè pé ti ilé wo.

Ìwé àṣẹ kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò, nítorí òun ni ẹwà inú àròkọ yìí. Láti ọdún 2009 tí GDB 7.0 jáde ni ènìyàn ti lè fi èdè Python kọ ìwé àṣẹ fún un. Ìwé àṣẹ yìí kò sáré tẹ owo jáde. Ó kọ́kọ́ bi debugger pé ìpele wo ni a wà, orúkọ iṣẹ́ wo ló sì wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ inú yàrá tó jìnnà jù, ó ka gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rí owo, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó kọ ilé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ ìlà tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ sílẹ̀. Rírí tó rí i kò dá a dúró. Ó jáde sí yàrá tó yí i ká, ó tún ka orúkọ. Ó jáde sí gbangba fáìlì, ó tún kà. Ó jáde sí gbangba gbogbo ètò, ó kà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà tí kò bá sí ilé mọ́ lẹ́yìn ilé ló tó padà wá jíṣẹ́.

Ìjíṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ. Ìlà kìíní ní: owo ti inú iṣẹ́ iba, 4,200. Ìlà kejì ní: owo ti gbangba fáìlì danfo.c, 2,800. Ẹ wò ó! Owó Ọ̀jọ́ nìkan ló wà nínú kóló gbangba, nígbà tó yẹ kí ó ti di 7,000. Ohun tí ọmọ ènìyàn fi ọ̀sán gbáko wá, ìlà méjì ti tú u síta. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé àṣẹ méjèèjì kò ju sùúrù lọ. Èkíní dúró síbi tó ti kọ́kọ́ rí ohun tó jọ èyí tó ń wá. Èkejì rìn dé ẹnu ọ̀nà ìta kó tó gbà pé òun ti mọ ilé náà. Mo ti wo irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń rán mi létí àwọn ìyá àgbà wa, tí wọ́n máa ń béèrè baba ọmọ, ìyá ọmọ àti agbo ilé ọmọ kí wọ́n tó ki oríkì rẹ̀.

Sàkáání ní àṣírí mìíràn tí ìwé àṣẹ tó dára gbọ́dọ̀ mọ̀. Orúkọ lè ti wà nílé kí iye tó dé. Bí debugger bá dúró ní ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ iba, kí ìlà tó ń ṣírò owó tó ṣiṣẹ́, yóò rí owo níbẹ̀, yóò sì tẹ nọ́ńbà kan jáde. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ ni, ìdọ̀tí tí ayálégbé àná fi sílẹ̀ nínú yàrá. Àwa ará òpópónà Àgbádárìgì mọ irú èyí. Orúkọ Òkòkómáíkò ti wà nínú ètò ojú irin Blue Line láti ìbẹ̀rẹ̀, pé kìlómítà 27 ni yóò jẹ́ láti Marina dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Máìlì 2 ló dúró, kìlómítà 13. Ẹni tó bá ka orúkọ nìkan yóò lọ dúró de ọkọ̀ ní Òkòkómáíkò. Ẹni tó bá béèrè bóyá ọkọ̀ ti ń dé ibẹ̀ ni yóò mọ ọ̀nà gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àṣẹ tó gbọ́n ṣe ń wo ìlà tí ètò dúró sí, kó tó gba iye kankan gbọ́.

Orúkọ sì tún lè wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí onílé ti kó lọ. Bí a bá sọ fún ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ kóòdù pé kó mú ètò yára gan-an, ó lè rí i pé kóló kan kò wúlò fún ohun tó kù, kó sì gba ààyè rẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Nígbà náà GDB kò ní fún wa ní nọ́ńbà. Yóò sọ pé wọ́n ti mú un kúrò. Ìdáhùn olóòótọ́ ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún òótọ́ rẹ̀. Ìwé àṣẹ tí kò bá retí irú ìdáhùn yìí yóò fi ọ̀rọ̀ kún àpò tó yẹ kó jẹ́ ti nọ́ńbà, gbogbo ìṣirò tó bá tẹ̀ lé e yóò sì wọ́. Èyí tó bá retí rẹ̀ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé "kò sí nílé," yóò sì máa lọ. Ohun tí a lè ṣe fún un ni pé nígbà tí a bá ń wá kòkòrò, ká túmọ̀ kóòdù pẹ̀lú àmì "-g" kí orúkọ má bàa sọnù, ká sì fi ìyára sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Àmì mìíràn tún wà, "-Wshadow", tí GCC, ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ ìtumọ̀ kóòdù bẹ́ẹ̀, fi ń kìlọ̀ fún ni bí orúkọ kan bá bo òmíràn mọ́lẹ̀. Ẹni tó kọ danfo.c ì bá ti mọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀ náà ní ilé tirẹ̀, ó sì ní orúkọ tirẹ̀. Èyí ni ibi tí mo ti rí i tí àwọn ọlọ́gbọ́n pàápàá ń ṣìnà. Ẹni tó ń kọ ọ́ lè fẹ́ ka iye ìgbà tí ọkọ̀ dúró, kó sì pe kóló ìkà rẹ̀ ní "iye", nígbà tí "iye" ti wà nínú ètò tó ń yẹ̀ wò. Àlejò ti ń jẹ́ orúkọ onílé. Àwọn tó ṣe GDB ti fi ìlà pààlà: orúkọ tó bá jẹ́ ti debugger, àmì dọ́là ló ń ṣíwájú rẹ̀, "$iye", bí ẹni kọ ilà sí ọmọ lójú kí gbogbo ènìyàn lè mọ ìdílé rẹ̀. Ní ti ètò tí wọ́n fi Python fúnra rẹ̀ kọ, ọ̀rọ̀ ààlà láàárín debugger àti onílé yìí le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọdún púpọ̀. Bí debugger bá yí iye kan padà nínú iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, àwòrán ilé ló sábà máa ń yí, ilé gan-an kò yí, àyípadà náà sì lè parẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Python 3.13 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n tún un ṣe, tí ohun tí debugger bá kọ sínú yàrá fi ń dé inú yàrá ní tòótọ́. Ẹni tó bá ń lo ìwé àṣẹ àtijọ́ lórí Python tuntun, tàbí tuntun lórí àtijọ́, ní láti mọ èyí.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ mí lógún tó bẹ́ẹ̀, ní àdúgbò tí omi, iná àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti ń gba èrò ọkàn gbogbo wa? Nítorí pé níbí gan-an ni ìwé àṣẹ ti wúlò jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí iná mọ̀nàmọ́ná bá wá fún ní wákàtí méjì kò lè fi gbogbo rẹ̀ tẹ àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti kọ ìwé àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àní sórí ìwé pẹ̀lú bírò, yóò kàn sọ fún GDB pé kó gba "-batch", kó ka fáìlì náà, kó ṣiṣẹ́ gbogbo rẹ̀ tán kó sì jáde. Ṣùgbọ́n bí ìwé àṣẹ náà bá pe orúkọ kan tí kò sí níbi tí ètò dúró sí, GDB yóò ní òun kò mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, yóò sì pa ìyókù àṣẹ tì. Iná á lọ, bátìrì á kú, kò ní sí ìdáhùn kankan. Lọ́dọ̀ ẹni tí iná kì í tán fún, àìbéèrè ilé jẹ́ ìdádúró díẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ó jẹ́ odindi alẹ́ kan.

Ó tún jẹ mí lógún nítorí èdè wa. Karounwi Anuoluwapo, ọmọ Yorùbá, ti ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan tí ó pè ní Yorlang, níbi tí ènìyàn ti ń fi "jẹ́" sọ kóló lórúkọ, tí "iṣẹ́" sì ń jẹ́ iṣẹ́. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Ọmọ tó dàgbà nínú ilé tí Àdìó méjì wà, tí ọ̀kan ń jẹ́ Àdìó kékeré, tí èkejì ń jẹ́ Àdìó ti ìyá ọlọ́jà, ti mọ sàkáání kó tó mọ ìwé. Olùkọ́ tó bá fi ilé face-me-I-face-you bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí yóò rí i pé ojú àwọn ọmọ á tàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi òru ṣe ọ̀sán láti Ìyànà-Ìbà dé Òkòkómáíkò, kí ẹ tó kọ "print" sínú ìwé àṣẹ yín, ẹ kọ́kọ́ kọ ìlà tí yóò béèrè ilé. Ẹ jẹ́ kí ó sọ orúkọ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀, kí ó ka àwọn yàrá láti inú dé ìta, kí ó sọ bóyá iye ti dé tàbí kò tíì dé, kí ó sì sọ ìlà tí a ti bí orúkọ náà. Kò ní gùn, àlàáfíà tó wà nínú rẹ̀ sì pọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ tó bi yín pé "Àlàbá wo?" kò fi àkókò yín ṣòfò. Òun ni yóò gbé yín dé ọjà tí ẹ ń lọ.